Ọjọ́ orí kan náà, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ló fà á?

Ìyá méjì ládùúgbò wa, ẹni 70 ọdún làwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń dá lọ sọ́jà, èkejì ò lè dìde lórí àga bí wọn ò bá fà á. Ṣé kádàrá ni?

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fi àárọ̀ ọjọ́ ṣe. Ẹni tó fi 40 ọdún ṣe alárù, orúnkún rẹ̀ ló ń gba gbogbo ẹrù yẹn. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, títí egungun á fi máa ha egungun. Làkúrègbé tí ẹ ń wò lónìí, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wọlé.

Ṣé àìlówó ni gbogbo rẹ̀, nígbà náà?

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 17,000 ní London. Kò sí aláìríṣẹ́ nínú wọn, ìjọba ló sì ń san owó ìtọ́jú wọn. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá, ikú mú àwọn ìránṣẹ́ àtàwọn aṣọ́nà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe mú àwọn ọ̀gá pátápátá. Èyí tó wá rú mi lójú jù ni tàwọn tó tẹ̀ lé ọ̀gá: wọn kì í ṣe tálákà rárá, síbẹ̀ ara wọn ò le tó tàwọn tó wà lókè wọn. Ẹ má sọ pé sìgá ni. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń mu ún jù lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ ti sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìwádìí kejì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985 pẹ̀lú obìnrin nínú rẹ̀, tọ́ka sí àṣẹ téèyàn ní lórí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Báwo ni àìláṣẹ ṣe ń dénú ẹ̀jẹ̀?

Bí ajá bá lé yín, àyà yín á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ lè sáré. Ajá lọ, ara balẹ̀. Owó ilé tó ti tó san àti ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni lójoojúmọ́ kì í lọ bí ajá. Ara tó ń múra eré fún 30 ọdún láìsáré, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Ìgbà wo ló ti ń bẹ̀rẹ̀?

Láti inú oyún. Lọ́dún 2010, ìwádìí kan láti Enugu jáde lórí àwọn tí ìyàn ogun Biafra bá nínú oyún tàbí ní ìkókó. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga, ju tàwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Ẹni nǹkan bí 40 ọdún péré ni wọ́n nígbà yẹn.