Akàsétí ni kí ẹ máa pè é

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò ríran bá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ohùn kan sì ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún un, orúkọ mẹ́ta ni ẹ óò gbọ́. Àwọn kan á pè é ní lecteur d'écran, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Faransé gẹ́lẹ́. Àwọn kan á ní "òǹkàwé ojú-ìbòjú". Àwọn yòókù á ní "ẹ̀rọ afọ́jú". N kò fara mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìbòjú ni ohun tí ìyàwó fi ń bo ojú. Ojú kọ̀ǹpútà ń fi nǹkan hàn ni, kò bo nǹkan kan. Òǹkàwé ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni òǹkàwé. Kí ló dé tí a ó fi gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀rọ? Ní ti "ẹ̀rọ afọ́jú", òun ló burú jù. Ẹni tó ríran kedere, àmọ́ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú, náà ń lò ó. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé bí olùkọ́ bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, á rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Akàsétí ni mo pè é. "Wá kà á sí mi létí" ni ìyá máa ń wí nígbà tí lẹ́tà bá dé láti Libreville, tí ọmọ tó mọ̀wé á sì jókòó tì í. Ọmọ náà kì í fi tirẹ̀ kún un. Ohun tí wọ́n kọ ló ń kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ rí bá já bọ́ látinú àpò ìwé, kò lè dárúkọ onítọ̀hún àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Bí akàsétí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé orúkọ mi kò kún tó, nítorí ètò yìí tún lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí pátákó Brailì, ìyẹn lẹ́tà àwọn tí kò ríran tó jẹ́ àmì kéékèèké tó yọ sókè, kí ìka máa kà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni pátákó yẹn, ó wọ́n, ó sì yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ á gùn débi pé kò sẹ́ni tí yóò pè é.

Akàsétí pọ̀: JAWS wà, TalkBack wà lórí fóònù, VoiceOver wà lórí iPhone. N kò ní dúró lórí ìyàtọ̀ wọn. NVDA ni mo máa ń júwe fún àwọn ọmọ wa, torí ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006.

Ẹ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ó tẹ H, ohùn bọ́ sórí àkọlé kan. Ó tún tẹ H, ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ohùn náà ń yára débi pé etí tiwa kò lè mú un. Àmọ́ bí ẹni tó kọ ìwé bá kàn mú lẹ́tà nípọn, tí kò yàn án ní àkọlé nínú Word, H kò ní rí nǹkan kan.

PDF ló ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Olùkọ́ á ya fọ́tò ìwé, á sọ ọ́ di PDF, á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Àwa rí ọ̀rọ̀, akàsétí rí àwòrán, ó dákẹ́. Ètò tó ń yọ lẹ́tà jáde nínú fọ́tò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tòkọ́pì tó ti ṣá máa ń dà á láàmú, àmì orí Yorùbá sì tún ń dà á láàmú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ bá ti di "oko" kan náà, ohùn wo ló fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Kì í ṣe àánú ni a ń tọrọ fún àwọn akanda ẹ̀dá. Òfin 2017-06 ti ilẹ̀ Benin ti dá ẹ̀tọ́ wọn mọ̀. Torí náà, kí ẹ tó fi PDF ránṣẹ́ sí kíláàsì, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ dà á kọ. Bí kò bá ṣeé mú, fọ́tò ni. Fáìlì Word tí ẹ fi kọ ọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́.