Igbó Abilà: Ta Ló Ní Ilẹ̀ Tó Pá Ń Ṣòfò?

Láti inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò kọjá lórí àwọn òkè pẹrẹsẹ tó wà nítòsí Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, ìlà-ìlà ni ilẹ̀ rí: igbó kan, ilẹ̀ tó pá kan, igbó mìíràn, ilẹ̀ tó pá mìíràn, títí tí ojú fi máa tó o. Igbó abilà nìyẹn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láàárín rẹ̀ lè má fura rárá. Fọ́tò tí wọ́n yà látòkè ló tú u fó. Ní 1950, Macfadyen, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní apá Sòmálíà tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wọ́n sì ti rí i ní Ọsirélíà àti Mẹ́síkò náà.

Pé òjò ò tó níbẹ̀, ìyẹn ò nílò àlàyé. Èyí tó ń bíni nínú ni ti àwọn tó bá rí ilẹ̀ tó pá náà tí wọ́n á ní ó ti kú, pé kí wọ́n tètè gbin igi sí i. Ilẹ̀ yẹn gan-an ló ń bọ́ igbó.

Òjò ibẹ̀ kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń le. Níbi tí ewé ò bo ilẹ̀, ẹ̀kán òjò á fọ́ erùpẹ̀ sí lẹ́búlẹ́bú, èyí á sì dí gbogbo ihò tí omi ì bá gbà wọlé. Tí oòrùn bá pa á, ó ti di èèpá nìyẹn. Kò nípọn ju mìlímítà mélòó kan lọ, síbẹ̀ omi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i wọ̀. Ilẹ̀ náà sì dagẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í hàn sójú: lọ́pọ̀ ibi, tí èèyàn bá rin 100 mítà, kò ní tíì sọ̀ ju mítà kan lọ. Omi á wá tẹ́ lọ fẹẹrẹ títí tó fi máa kan etí igbó. Ibẹ̀ ni koríko ti máa dá a dúró. Gbòǹgbò ti la abẹ́ ilẹ̀, ikán ti gbẹ́ ọ̀nà káàkiri, ni omi bá ń wọlé. Igbó gba òjò tirẹ̀, ó tún gba ti aládùúgbò tó wà lókè.

Òrùlé ni ilẹ̀ tó pá, igbó ni àgbá tó ń gbomi. Ta ló máa ń bínú sí òrùlé pé kò dá omi dúró? Àmọ́ àgbá yìí lágídí: ó tún ń gun òrùlé ọ̀hún. Etí òkè ló ń kọ́kọ́ mumi, ibẹ̀ ni ewéko tuntun ti ń hù. Ìwọ̀nba omi ló ń dé etí ìsàlẹ̀, igi ibẹ̀ á kú, èèpá á bẹ̀rẹ̀ sí í dì níbi tí òjìji wọn wà tẹ́lẹ̀. Òrùlé tuntun dé fún àgbá tó wà nísàlẹ̀. Báyìí ni igbó ṣe ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ láwọn ibì kan, kì í sábà tó mítà kan lọ́dún. Ibòmíràn, kì í kúrò lójú kan.

Ilẹ̀ náà ò sì dúró bó ṣe wà. Erùpẹ̀ àti pàǹtí tí omi ń wọ́ bọ̀ máa ń jókòó sétí igbó, ibẹ̀ á ga díẹ̀, á tẹ́jú díẹ̀, bí ìpele àtẹ̀gùn. Níbi tó bá ti tẹ́jú ni omi ti ń pẹ́, níbi tí omi bá ti pẹ́ ni igi ti ń pọ̀ sí i. Èwo ló ṣáájú nínú igi àti ilẹ̀? Kò tiẹ̀ yẹ kéèyàn máa da ara rẹ̀ láàmú lórí ìyẹn. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ pátápátá, omi ò mọ ibi tí yóò kọrí sí, igbó á kàn rí tó-tò-tó ni. Níbi tó bá sì dagẹ̀rẹ̀ jù, omi á kóra jọ, á la ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Ọgbọ́n igbó yìí ni pé kò ní ọ̀gá. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlà náà ò gbọdọ̀ já. Tí wọ́n bá gégi já a níbì kan, tàbí tí ẹran là á kọjá lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni gbogbo omi máa dà gbà. Àgbàrá ò kúkú lóun ò nílé wó: á gbẹ́ kòtò, omi tó yẹ kó tẹ́ dé ìlà tó tẹ̀ lé e á gba inú kòtò lọ. Ẹni tó sì gbin igi sí ilẹ̀ tó pá ti há omi ibẹ̀ mọ́, igbó ìsàlẹ̀ á máa gbẹ, òjò tó pín kárí ò sì ní tó igi kankan.

Àwọn àgbẹ̀ ní Niger ń lo ọgbọ́n yìí. Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá, tó fẹ̀ tó mítà 4, wọ́n á kọ ẹnu rẹ̀ sókè níbi tí omi ti ń bọ̀, wọ́n á gbin nǹkan sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín kòtò kan sí èkejì, wọn kì í gbin nǹkan kan sí i.