Àmọ̀tí ìfarajìn: ẹni tí wọ́n yọ, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kàwé ní Montréal, ní Kánádà. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó máa ń bá ẹgbẹ́ kan gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú líìgì àdúgbò, irú èyí tí kò sówó níbẹ̀, tí àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ àti iléèwé wá gbá nítorí ìfẹ́ eré. Ó fi fídíò ìdíje kan ránṣẹ́ sí wa nílé ní Kétu, ní Benin. A gbé fóònù ti ìkòkò omi, gbogbo ilé yí i ká.

Abala méje ni wọ́n ń gbá. Abala keje ni wọ́n wà yìí, àmì mẹ́rin sí mẹ́rin. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní ibùdó kìíní, wọn ò sì tíì yọ ẹnikẹ́ni. Ló bá kan ọmọ wa. Ó gbé kùmọ̀, àmọ́ kò fì í. Ó kàn nà án síwájú, bọ́ọ̀lù bà á, ó sì bọ́ sílẹ̀ bí mángòrò tó já sórí iyanrìn. Ọmọ wa sáré lọ sí ibùdó kìíní, bọ́ọ̀lù ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Ó ń padà lọ jókòó, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbá a léjìká.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní, “Ṣebí wọ́n yọ ọ́ ni? Kí wá ni wọ́n ń yìn ín sí?”

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kò lè gbádùn ìdíje tó le. Lédè Faransé, ohun tí ọmọ wa ṣe yẹn ń jẹ́ amorti-sacrifice. Àwa tí à ń gbọ́ eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lórí rédíò mọ amorti dáadáa: tí bọ́ọ̀lù bá ń já bọ̀ láti òkè, tí agbábọ́ọ̀lù fi àyà gbà á, tó rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Pípa ipá bọ́ọ̀lù ni àmọ̀tí. Apá kejì, sacrifice, ni mo pè ní ìfarajìn, òun gan-an ló sì nílò àlàyé.

Ìwọ̀nba òfin díẹ̀ ná. Ibùdó mẹ́rin ló wà lórí pápá: ilé, níbi tí oníkùmọ̀ dúró sí, lẹ́yìn náà ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ẹni tó bá yí gbogbo wọn ká tó padà délé ti jẹ àmì kan. Tí wọ́n bá ti yọ ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá, kùmọ̀ di ti ẹgbẹ́ kejì. Lórí pápá àwọn àgbà, mítà 27 àti díẹ̀ ló wà láti ibùdó kan sí èkejì. Ẹ rò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ti ojú ilé góòlù jáde nínú àpótí rẹ̀, tó tún rin mítà mọ́kànlá sí i.

Mítà 18 àti díẹ̀ ni ajùbọ́ọ̀lù fi jìnnà sí oníkùmọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe àmọ̀tí á kọjú sí i, á fa ọwọ́ òkè gòkè dé agbedeméjì kùmọ̀, á dì í mú pẹ̀lẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìka rẹ̀ wà níwájú igi, kí bọ́ọ̀lù má baà tẹ̀ ẹ́. Kì í lu bọ́ọ̀lù. Ó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wá kan igi ni, bí ẹni tó fẹ́ hán ẹyin tí wọ́n jù sí i. Ibi tó dára kí bọ́ọ̀lù náà kú sí ni koríko ẹ̀gbẹ́ ìlà, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí ajùbọ́ọ̀lù, tó sì jìnnà sí ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó kẹta. Ẹnikẹ́ni tó bá sáré wá gbé e ti pẹ́ jù. Ẹni tó wà ní ibùdó kìíní ti ń súnmọ́ ìkejì. Oníkùmọ̀ nìkan ló kù tí wọ́n lè yọ.

Èyí kò rọrùn rárá. Bí àmọ̀tí bá jáde síta ìlà, wọ́n á kà á mọ́ ọn bí ẹni pé ó fì kùmọ̀ tí kò bà á. Tó bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, tí àmọ̀tí kẹta tún jáde síta, wọ́n yọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù síta lẹ́ẹ̀kẹta ṣì máa tún gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ajùbọ́ọ̀lù, wọ́n lè yọ oníkùmọ̀ àti ẹni tó wà ní ibùdó kìíní pọ̀.

Mo wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, tí apẹ̀rẹ̀ àgbàdo yín bá wúwo lọ́jà, ẹ máa ń pe ẹnì kan kó wá bá yín gbé e rù. Ẹni yẹn kì í bá yín délé. Ibi tó ti gbé e rù yín náà ló máa dúró sí.” Ó mi orí. Ó ti yé e.

Ohun tí wọ́n rà nìyí: láti ibùdó kejì, tí ẹlòmíràn bá gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó dáa dé ẹ̀yìn pápá, ẹni tó wà níbẹ̀ lè sáré délé. Láti ibùdó kìíní, ìyẹn ṣòro. Owó tí wọ́n fi rà á ni ẹnì kan nínú mẹ́ta tí wọ́n lè yọ. Owó ńlá ni. Àwọn tó ń fi ìṣirò wo líìgì ńlá Amẹ́ríkà ti fi hàn pé àpapọ̀ àmì tí ẹgbẹ́ kan lè retí nínú abala kan máa ń dínkù lẹ́yìn irú rírà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àmọ̀tí fi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ nísinsìnyí. Mo gba ìṣirò wọn, àmọ́ àmì púpọ̀ ni ìṣirò yẹn ń wá. Tó bá jẹ́ pé abala ìkẹyìn ni, tí àmì rí mẹ́rin sí mẹ́rin, àmì kan péré ti tó, èkejì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni mo ti fara mọ́ àmọ̀tí. Ó tún bọ́gbọ́n mu ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú abala àfikún: láti 2020, líìgì ńlá yẹn ń fi ẹnì kan sí ibùdó kejì lọ́fẹ̀ẹ́ bí abala kẹwàá, ìyẹn àfikún àkọ́kọ́ níbẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀. Àmọ̀tí kan á gbé e dé ìkẹta. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sókè dé ẹ̀yìn pápá, kódà bí wọ́n bá hán an, lè tó láti gbé e délé.

Àwọn ará Japan ni mo rò pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un jù lọ. Masahiro Kawai ṣe àmọ̀tí ìfarajìn ní ìgbà 533 níbẹ̀. Eddie Collins, ará Amẹ́ríkà tó gbá láti 1906 sí 1930, ló ní iye tó pọ̀ jù ṣáájú rẹ̀: 512.

Ní ti fídíò wa, wọ́n yọ ẹni tó tẹ̀ lé ọmọ wa. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn gbá bọ́ọ̀lù kọjá orí olùṣọ́ ibùdó kejì, ẹni tí ọmọ wa gbé síwájú sáré délé, ó di márùn-ún sí mẹ́rin, eré parí.

Lálẹ́, ọmọ náà pè wá. Ó ní ìwé ìṣirò kọ ọ́ pé òun gbá lẹ́ẹ̀mẹta, òun kò rí ìkankan ṣe. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun rí i tó mú kùmọ̀. Òótọ́ ni wọ́n jọ ń sọ. Àmọ̀tí ìfarajìn kì í wọ inú iye ìgbà tí èèyàn gbá. Ẹni tó gbá dáadáa ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá ní 0.300. Tí wọ́n bá ka àmọ̀tí rẹ̀ mọ́ ọn, á di mẹ́ta nínú mọ́kànlá, 0.273, á sì dà bí ẹni tó ń kùnà. Ìwé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún un, ọmọ wa sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sí wa létí: ọ̀kan.