"Mo kúkú rí àgádágodo níbẹ̀"

Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Fíà, níhìn-ín ní Òṣogbo, inú mi a sì bàjẹ́. Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn ni ìyá kan tó ń ta àdìrẹ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù wọn pé báńkì fẹ́ ti àkáǹtì wọn pa, kí wọ́n tẹ líǹkì kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n rí àmì àgádágodo lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì náà, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì àti PIN síbẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra aṣọ fún ọjà ọdún Ọ̀ṣun bá a lọ.

Pé ayédèrú ni ìkànnì náà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Àgádágodo tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ló ń dùn mí.

Ohun tí àmì yẹn ń sọ kò pọ̀: pé ọ̀rọ̀ tó ń ti fóònù yín lọ sí ìkànnì náà ti di àṣírí, ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà kò lè kà á. Kò sọ irú èèyàn tó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà lọ́hùn-ún. Ẹ lè lẹ lẹ́tà pa dáadáa, kí ọmọ tí ẹ rán má sì já a, síbẹ̀ kó jẹ́ gbájúẹ̀ lẹ kọ ọ́ sí.

Ta wá ló ń fún ìkànnì ní àgádágodo? Ibi tí ìmọ̀ ti kù nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ gbà pé ìjọba ni, tàbí Google, pé ẹnì kan ti lọ wádìí onílé wò. Rárá o. Àwọn àjọ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí, èyí tó ń mú kí àgádágodo hàn, ló ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn, Let's Encrypt, ti ń fúnni láti ọdún 2015, kò sì gba kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bójú tó o, kì í pẹ́ rárá. Ohun tó ń béèrè ni pé ṣé ìwọ lo ń darí orúkọ ìkànnì yìí? Bí ẹni náà bá gbé fáìlì tí wọ́n ní kó gbé síbẹ̀ síbẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ìkànnì ṣe. Olè tó ra orúkọ láàárọ̀ lè ní àgádágodo kó tó di ọ̀sán.

Orúkọ náà tún lè tan ojú jẹ. Ní 2023, àwọn kan gbé ìpolówó sórí Google fún ayédèrú ìkànnì KeePass, ètò tí èèyàn fi ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù. Àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà k nìkan ni orúkọ wọn fi yàtọ̀ sí ti òótọ́, ìwé ẹ̀rí wọn sì pé. Àwa tí à ń kọ Yorùbá mọ̀ pé àmì ìsàlẹ̀ nìkan ló ya owó sọ́tọ̀ sí ọwọ́. Lójú fóònù tó ti fọ́, ta ni yóò rí i?

Lọ́dún yẹn kan náà ni Google yọ àgádágodo kúrò lára Chrome, bùráúsà wọn tí èèyàn fi ń ṣí ìkànnì, torí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye. Ó ṣì wà lórí àwọn fóònù tí wọn ò tíì sọ Chrome wọn di tuntun, àti nínú bùráúsà míì.

Mi ò sọ pé kò wúlò. Bí ẹ bá ń lo Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì kan lágbègbè Ọláìyá, ààbò yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó wà ní tábìlì kejì ka páásíwọ́ọ̀dù yín. Ìkànnì tí kò bá ní in, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Èyí tó bá ní in, ó ṣeé ṣe kó dára, ó sì ṣeé ṣe kó má dára.

Orúkọ ni kí ẹ kà, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú .com tàbí .com.ng gẹ́lẹ́, kó tó kan ìlà tó dagun (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni onílé. Bí orúkọ báńkì yín bá wà ṣáájú ìyẹn, pẹ̀lú àmì ìdánudúró (.) láàárín wọn, onílé yẹn náà ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá aládìrẹ ti yan èyí tó rọrùn fún wọn: wọn kì í tẹ líǹkì báńkì kankan mọ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé, wọ́n á gbé káàdì wọn, wọ́n á rìn dé báńkì fúnra wọn.