“Ẹni Iyì Ni Brutus”: Bí Ọ̀rọ̀ Ìyìn Ṣe Di Ẹ̀sùn Lẹ́nu Antony

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan eré Julius Caesar tí Shakespeare kọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé làákàyè ni Brutus fi bá àwọn ará Róòmù sọ̀rọ̀ níbi òkú Caesar, ẹkún ni Antony, ọ̀rẹ́ Caesar, fi bá wọn sọ tirẹ̀, ẹkún sì borí làákàyè. Àlàyé yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í padà yẹ ìwé náà wò mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Nínú àwọn méjèèjì, Antony ló mú ẹ̀rí wá. Brutus kò mú ẹyọ kan wá.

Ìtàn bí wọ́n ṣe pa Caesar, aláṣẹ Róòmù, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn èèyàn ńlá ìlú, tí Brutus àti Cassius ṣáájú wọn, gún un pa, wọ́n ní ó fẹ́ fi ara rẹ̀ jọba. Iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Nínú eré náà, tí wọ́n ti ṣe ní London láti ọdún 1599, ibẹ̀ ni nǹkan ti yíwọ́.

Brutus ló kọ́kọ́ gun orí àga ìsọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ geere sọ̀rọ̀, kò kéwì, gbogbo gbólóhùn rẹ̀ sì bára dọ́gba bí ẹrù tí wọ́n pín sí ọ̀tún àti òsì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ní kí wọ́n gba òun gbọ́ nítorí iyì òun. Ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ràn Caesar, Róòmù ni òun fẹ́ràn jù ú lọ. Ó wá bi wọ́n pé: ta ni nínú yín tó rẹlẹ̀ débi pé ó fẹ́ di ẹrú? Bí ó bá wà, kó sọ̀rọ̀, òun náà ni mo ṣẹ̀. Ó dánu dúró, ó ní òun ń retí èsì. Ta ni yóò na ọwọ́ sókè láàárín èrò pé òun ló fẹ́ di ẹrú? Wọ́n dáhùn pé, “Kò sí, Brutus, kò sí.” Ó gba ìdáhùn yẹn gẹ́gẹ́ bí ìdáláre.

Ó ní Caesar ní ojúkòkòrò agbára. Kí ni Caesar ṣe? Ìgbà wo ló ṣe é? Kò sọ. Iyì ara rẹ̀ nìkan ló gbé kalẹ̀, wọ́n sì gba iyì náà, wọn kò gba ìdí tó sọ. Bí ó ti parí ni ọ̀kan nínú wọn kígbe pé kí Brutus di Caesar, òmíràn sì ní kí wọ́n dé e ládé. Ọkùnrin tó ní torí kí ẹnikẹ́ni má baà jọba lòun ṣe pànìyàn, òun ni wọ́n fẹ́ fi jọba lójú ẹsẹ̀.

Cassius ti kìlọ̀ fún Brutus tẹ́lẹ̀ pé kó má jẹ́ kí Antony sọ̀rọ̀. Brutus ní kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òun bá ti sọ tòun tán, kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ló yọ̀ǹda fún un, kó sì yin Caesar bó bá ṣe wù ú, àmọ́ kò gbọdọ̀ dá àwọn lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ó ní kí gbogbo èrò dúró gbọ́ Antony, òun nìkan ló lọ sílé. Nínú gbogbo àṣìṣe ọjọ́ náà, lílọ yẹn ló burú jù.

Antony pa òfin mọ́ ní ti ẹnu. Wọ́n ní kó má dá wọn lẹ́bi, ó sì ń yìn wọ́n. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ ohun tó ń ṣe. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò aró kì í di dúdú nínú ìkòkò. Nígbà tí wọ́n bá fà á jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń pa á láró lójú ẹni tó ń wò ó. Wọn yóò tún rì í, wọn yóò tún gbé e sí afẹ́fẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa ki sí i. Ọ̀rọ̀ tí Antony ń rì bọ aró ni “ẹni iyì”. Ó ní Caesar jẹ́ ọ̀rẹ́ òun, olóòótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n Brutus ní ó ní ojúkòkòrò agbára, ẹni iyì sì ni Brutus. Caesar kó ọ̀pọ̀ ẹrú ogun wá sí Róòmù, owó ìràpadà wọn sì kún inú àpò ìlú: ṣé ojúkòkòrò nìyẹn? Nígbà tí tálákà sunkún, Caesar sunkún pẹ̀lú wọn. Ẹni iyì ni Brutus. Níbi àjọ̀dún Lupercal ti àwọn ará Róòmù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun fi adé lọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀ ọ́; ẹni iyì ni Brutus, dájúdájú. Kò fìgbà kan pè é ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu rẹ̀ títí. Etí àwọn tó ń gbọ́ ni afẹ́fẹ́ tó ń yí i dà, títí ọ̀kan nínú wọn fi pariwo pé, “Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n! Ẹni iyì kẹ̀!”

Aláàdìrẹ tún máa ń fi ẹ̀kọ ya ara aṣọ, kí aró má baà dé ibẹ̀. Antony náà ní ẹ̀kọ tirẹ̀. Ẹni tó wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu Casca, ọ̀kan nínú àwọn tó pa Caesar, pé lójú tòun, bí Caesar ṣe ń ti adé náà sẹ́yìn, ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀ sí i, ó ń ṣe é bíi kó má fi í sílẹ̀. Antony fi ẹ̀kọ bo apá ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òun náà dánu dúró. Ó ní ọkàn òun wà nínú pósí lọ́dọ̀ Caesar, kí wọ́n jẹ́ kó padà wá bá òun ná. Ìdánudúró Brutus ń béèrè èsì kan ṣoṣo, òun náà ni wọ́n sì fún un. Antony kò béèrè nǹkan kan, nítorí náà àwọn èrò kọjú sí ara wọn. Ẹnìkan ní òun rò pé làákàyè pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òmíràn ní Caesar kò gba adé, nítorí náà ó dájú pé kò ní ojúkòkòrò agbára. Ìgbẹ́jọ́ nìyẹn! Àwọn fúnra wọn ló dá a, wọ́n sì gbà á gbọ́ torí pé ẹnu ara wọn ló ti jáde. Òtítọ́ ni pé ẹnìkan rí ojú Antony tó pọ́n fún ẹkún, ó sì káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n làákàyè ló ṣáájú.

Ẹkún gan-an kò dé títí Antony fi sọ̀kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kó tó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fi òkú sí àárín, ó wá mú aṣọ ìbora Caesar lọ́wọ́. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Caesar kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nínú àgọ́, lọ́jọ́ tó ṣẹ́gun àwọn Nervii, ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ Gaul. Ó tọ́ka sí ihò: ibí ni ọ̀bẹ Cassius gbà kọjá, ẹ wo bí Casca ṣe ya á, ibí ni Brutus tí Caesar fẹ́ràn ti gún un. Ó ní bí Brutus ti fa ọ̀bẹ yọ ni ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, bí ẹni sáré jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó bóyá Brutus ni ó kanlẹ̀kùn burúkú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Antony kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gún Caesar. Trebonius, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, ti fà á sẹ́yìn kó tó ṣẹlẹ̀. Kò lè mọ ihò ẹni tí èyíkéyìí jẹ́. Nínú ìtàn Róòmù pàápàá, ọdún 57 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ṣẹ́gun àwọn Nervii, Antony kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ Caesar nígbà náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá tú aṣọ yẹn palẹ̀, ẹni tó lè bi í sì ti lọ sílé. Ẹ̀bi tí mo rí nínú ètò náà nìyí, kò sí nínú ẹkún: wọ́n gbẹ́jọ́, olùjẹ́jọ́ kò dúró.

Ìwé ìhágún Caesar ló gbẹ̀yìn. Antony ti fi hàn wọ́n tipẹ́, ó ní òun kò ní kà á, kò yẹ kí wọ́n mọ bí Caesar ṣe fẹ́ràn wọn tó. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n pariwo. Nígbà tí ihò aṣọ mú wọn gbàgbé rẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́ lọ dáná sun ilé, òun ló pè wọ́n padà, ó ní ẹ ti gbàgbé ìwé tí mo sọ fún yín. Ó kà á: owó fàdákà tí wọ́n ń pè ní drachma, 75 fún ọmọ Róòmù kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọgbà Caesar lẹ́bàá odò Tiber, kí gbogbo ìlú máa gbafẹ́ níbẹ̀. Wọ́n jáde lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá akéwì kan lójú ọ̀nà tó ń jẹ́ Cinna, orúkọ kan náà pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn tó pa Caesar. Ó ní akéwì lòun. Wọ́n ní kí wọ́n fà á ya nítorí ewì rẹ̀ tí kò dára.

Ìran tó tẹ̀ lé e ni Antony ti jókòó ti tábìlì pẹ̀lú Octavius àti Lepidus, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń pín agbára ìlú, wọ́n ń fi àmì sí orúkọ àwọn tí wọn yóò pa. Antony kọjú sí Lepidus, ó ní kó lọ sí ilé Caesar, kó mú ìwé ìhágún náà wá, kí àwọn wò ó bí àwọn yóò ṣe dín díẹ̀ kù nínú owó tó wà níbẹ̀.