Ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan kò fi ní òkè ayọnáyèéfín

Òkè ayọnáyèéfín ni ibi tí àpáta yíyọ́, eérú àti gáàsì ń gbà jáde láti inú ilẹ̀. Nǹkan bí 1,350 nínú wọn ló ṣì lè bú jáde láyé, láìka àwọn tó tò sí ìsàlẹ̀ òkun, ṣùgbọ́n wọn kò kárí. Wọ́n pọ̀ ní Indonéṣíà àti Jàpáánù. Ilẹ̀ Bràsíl, tó gba nǹkan bí ìdajì Gúúsù Amẹ́ríkà, kò ní ẹyọ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná olómi ló kún abẹ́ ilẹ̀, pé ibi tí ihò bá ti yọ ló ti ń tú jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ gbóná gan-an níbi gbogbo, síbẹ̀ ó le gbagidi, torí ìwúwo ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kó yọ́. Ooru wà lábẹ́ Bràsíl bó ṣe wà lábẹ́ Jàpáánù. Ohun tó ń mú àpáta yọ́ ni Bràsíl kò ní.

Omi ni èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí ilẹ̀. Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí abala ńláńlá tó ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí abala ìsàlẹ̀ òkun bá ti ń rì sábẹ́ òmíràn, á gbé omi tó ti fà mu dání lọ. Tó bá rì tó nǹkan bí 100 kìlómítà, omi náà á jáde lára rẹ̀, á wọ inú àpáta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀, ooru tí kò lè yọ́ àpáta yẹn tẹ́lẹ̀ á wá tó o yọ́. Bí òkè ayọnáyèéfín ṣe yí òkun Pàsífíìkì ká nìyẹn. Mẹ́síkò wà lórí ìlà yìí. Ní 20 Oṣù Kejì 1943, ilẹ̀ là nínú oko àgbàdo àgbẹ̀ kan níbẹ̀, Dionisio Pulido, eérú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Nígbà tó fi máa dákẹ́ lọ́dún 1952, òkè Parícutin tó ga ju 400 mítà lọ ti dúró sórí oko náà.

Ní Íslándì àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ṣe ni àwọn abala ń ya kúrò lára ara wọn. Ìwúwo á fúyẹ́ lórí àpáta ìsàlẹ̀, á sì yọ́.

Àárín abala tirẹ̀ ni Bràsíl jókòó sí, ó jìnnà sí etí méjèèjì. Ṣùgbọ́n wíwà létí nìkan kò tó. Nẹ̀pál wà níbi tí Íńdíà ti ń ti Éṣíà, ilẹ̀ sì mì tìtì níbẹ̀ lọ́dún 2015, síbẹ̀ kò ní òkè ayọnáyèéfín. Ilẹ̀ gbígbẹ ló kọlu ilẹ̀ gbígbẹ: kò sí abala òkun tó ń gbé omi wọlẹ̀ mọ́, èèpo ilẹ̀ kàn ń ki sí i ni. Ti Pẹrú tún yani lẹ́nu jù. Gúúsù rẹ̀ ní òkè ayọnáyèéfín, àríwá rẹ̀ kò ní, bẹ́ẹ̀ abala òkun kan náà ló ń rì sábẹ́ méjèèjì. Ní àríwá, abala náà kò dorí kodò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀, kò sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún àpáta gbígbóná láàárín.

Hawaii yàtọ̀ pátápátá. Ó jìnnà sí etí abala èyíkéyìí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n ooru àrà ọ̀tọ̀ kan ń ru sókè lábẹ́ rẹ̀.

Òkè ayọnáyèéfín tún máa ń kú. Àpáta tí ilé olódi Edinburgh dúró lé, ní Skọ́tláǹdì, ló dí ọ̀fun ọ̀kan tó ti kú ní nǹkan bí 350 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní ti Ọsirélíà, Mount Gambier ní gúúsù rẹ̀ bú ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ńlá rẹ̀ lónìí. Àmọ́ Big Ben, tó ṣì ń tú àpáta yíyọ́ jáde ní erékùṣù Heard, nǹkan bí 4,000 kìlómítà sí ìlú Perth, wà lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè náà.