Nígbà tí tọ́ọ̀gì bá ṣe jàǹbá: bí Amẹ́ríkà ṣe ń tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò

Ní òru ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, tọ́ọ̀gì kan tó ń jẹ́ Mauvilla ń ti báàjì mẹ́fà, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù pẹrẹsẹ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, gòkè odò Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Kùrukùru bo gbogbo ojú omi. Atukọ̀ ń wá ibi tí yóò so ọkọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ibẹ̀ ló ti ṣìnà wọ ẹ̀ka odò kan tí wọ́n ń pè ní Big Bayou Canot, ibi tí báàjì kì í gbà. Ó rí ohun kan nínú rédà tó dábùú omi níwájú rẹ̀. Ó rò pé báàjì ẹlòmíràn ni, ó sì forí lé e. Afárá rélùwéè ni.

Báàjì sún afárá náà kúrò ní àyè rẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Irin tí ọkọ̀ ń gbà tẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. Bí kò ṣe já yìí ló burú jù, torí pé iná mànàmáná tó ń gba inú irin náà kọjá kò dáwọ́ dúró, iná àmì kò sì yí sí pupa. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ojú irin Amtrak kan, Sunset Limited, fi dé pẹ̀lú eré bíi máìlì 70 ní wákàtí kan. Èèyàn 220 ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn 47 kú.

Àwọn tó wà nínú Mauvilla kò mọ̀ pé afárá làwọn kọ lù. Wọ́n rò pé báàjì kàn gúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ ni, àfi ìgbà tí wọ́n rí iná tó ń jó nínú kùrukùru. Síbẹ̀, àwọn náà ló fa èèyàn 17 yọ nínú omi lóru ọjọ́ yẹn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ là á yé ara wa ohun tí tọ́ọ̀gì ń ṣe níbẹ̀. Lójú tiwa, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté Apapa ni tọ́ọ̀gì. Lórí àwọn odò Amẹ́ríkà, títì ni wọ́n sábà máa ń ti ẹrù: wọ́n á fi wáyà so báàjì pọ̀ mọ́ra, tọ́ọ̀gì á wà lẹ́yìn, á máa tì wọ́n lọ. Ní ìsàlẹ̀ odò Mississippi, ọkọ̀ kan lè ti báàjì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, báàjì kọ̀ọ̀kan sì lè gba ẹrù tó tó 1,500 tọ́ọ̀nù. Kò sí búréèkì tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró lójijì. Ó lè rìn tó máìlì kan kó tó dúró pátápátá. Ti tọ́ọ̀gì tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ńlá yàtọ̀. Níbẹ̀, okùn ni olórí ewu. Bí okùn tó so tọ́ọ̀gì mọ́ ọkọ̀ ńlá bá fà á láti ẹ̀gbẹ́ dípò ẹ̀yìn tàbí iwájú, ó lè dojú tọ́ọ̀gì dé kí ẹnikẹ́ni tó ráyè tú okùn náà. Ohun tó pa mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó wà nínú tọ́ọ̀gì Flying Phantom nìyẹn lórí odò Clyde ní Scotland, ní oṣù Kejìlá ọdún 2007.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí ló ṣáájú. Atukọ̀ á ké sí Coast Guard, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà, lórí rédíò, ìkànnì 16, tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí. Coast Guard á rán ọkọ̀ àti hẹlikópítà, wọ́n á sì tún ké sí àwọn ọkọ̀ mìíràn tó wà nítòsí, torí pé ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá Coast Guard tó ń ṣàkóso èbúté àti odò náà láṣẹ láti ti ojú omi pa, kí ẹnikẹ́ni má kọjá títí wọ́n á fi rí báàjì tó já lọ, títí wọ́n á sì fi mọ̀ bóyá epo ń jò. Bó bá jẹ́ afárá ni wọ́n kọ lù, ìpè kan wà tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá: ìpè sí àwọn tó ni afárá, kí wọ́n dá ọkọ̀ orí rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2002, báàjì wó afárá òpópónà I-40 lulẹ̀ ní Webbers Falls, Oklahoma. Mọ́tò ń já bọ́ sínú odò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà ti tán. Àwọn apẹja tó ń díje nítòsí ló yin iná ìkìlọ̀ sójú ọ̀run, ìyẹn ló mú kí ẹni tó ń wa tírélà kan tẹ búréèkì. Èèyàn 14 ló kú. Láìsí àwọn apẹja yẹn, ìbá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìgbàlà kì í tán nígbà tí ojú bá rò pé ó ti tán. Ọmọ Nàìjíríà kò lè gbàgbé Jascon-4, tọ́ọ̀gì tó dojú dé nítòsí Escravos ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún kan náà, ọdún 2013, nígbà tó ń bá wọn mú ọkọ̀ epo dúró. Òkú ni wọ́n ní kí àwọn amòòkùn lọ gbé jáde. Nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí ti kọjá nígbà tí ọwọ́ kan na sí wọn nínú òkùnkùn, ní nǹkan bí ọgbọ̀n mítà nísàlẹ̀ omi: Harrison Okene ni, alásè ọkọ̀ náà, tó ń mí nínú afẹ́fẹ́ ìwọ̀nba tó há sínú yàrá kan. Nínú àwọn 12 tó wà nínú ọkọ̀, òun nìkan ló yè.

Bí ọwọ́ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìròyìn kàn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ fi tó Coast Guard létí lójú ẹsẹ̀ bí ó bá gúnlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, bí ó bá kọ lu afárá, bí ẹ́ńjìnnì tàbí ìtọ́kọ̀ bá kọṣẹ́, bí ẹnì kan bá kú tàbí fara pa débi tí dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, tàbí bí ohun tó bàjẹ́ bá ju $75,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù CG-2692, tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bí jàǹbá náà bá wúwo, bí àpẹẹrẹ bí ẹnì kan bá kú tàbí bí ohun ìní tó bàjẹ́ bá ju $200,000 lọ, àyẹ̀wò ara wọ̀ ọ́: àyẹ̀wò ọtí láàárín wákàtí méjì, àyẹ̀wò oògùn olóró láàárín wákàtí 32. Ìdí tí iye wákàtí méjèèjì fi jìnnà síra ni pé ọtí máa ń tètè dá lójú ẹni, oògùn olóró a máa pẹ́ lára. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ni láti rí i pé wọ́n ṣe é.

Ta ni yóò wá ṣe ìwádìí? Àwọn olùwádìí Coast Guard ni yóò kọ́kọ́ dé. Jàǹbá kékeré lè parí sórí ìwé àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò díẹ̀. Èyí tó ga jù ni ìgbìmọ̀ tó ń jókòó ní gbangba, tí ẹlẹ́rìí ń búra níwájú wọn, tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè mú lọ́yà wá kí lọ́yà náà bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Bó bá jẹ́ jàǹbá ńlá, irú èyí tí èèyàn mẹ́fà kú nínú rẹ̀, NTSB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, náà á dá sí i. Àjọ yìí kì í ṣòfin, kì í fúnni ní láísẹ́ǹsì, kì í sì í bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, agbára rẹ̀ gan-an nìyẹn, torí pé kò ní iṣẹ́ ara rẹ̀ kankan tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹ̀rí, ẹ̀rí a sì máa tètè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí olùwádìí fi ń sáré kó ohun tí kò lè purọ́: ẹ̀rọ AIS tó ń kéde ibi tí ọkọ̀ wà àti ìyára rẹ̀, ohùn tí Coast Guard gbà sílẹ̀ lórí rédíò, okùn tó já, ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí iṣẹ́ sí. Ẹ̀rí tó tún wá lágbára láyé ìsinsìnyí ni àkọsílẹ̀ fóònù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2010, ní Philadelphia, báàjì tí tọ́ọ̀gì Caribbean Sea ń darí gun ọkọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ kan tó dúró sójú odò Delaware. Ọ̀dọ́ méjì láti Hungary kú. Wọ́n pe tọ́ọ̀gì náà lórí rédíò, kò dáhùn. Àkọsílẹ̀ fóònù ló sọ ìdí rẹ̀: igbákejì ọ̀gákọ̀ tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí àìsàn ọmọ rẹ̀, ó sì ti kúrò ní yàrá òkè, ibi tí ì bá ti rí iwájú. Ìwádìí kò dúró síbẹ̀ o. Wọ́n tún bèèrè ohun tí ọkọ̀ arìnrìn-àjò ń wá láàárín ojú ọ̀nà báàjì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló gbóná jù, nítorí ìdérí kan tí àwọn mẹkáníìkì kò dé padà bó ti yẹ.

Ìwà títún ìbéèrè bèèrè yìí ni ìwádìí Mauvilla fi kọ́ni jù lọ. Ó rọrùn láti sọ pé atukọ̀ sọnù nínú kùrukùru, kí ó parí síbẹ̀. NTSB bèèrè pé, kí ló dé tó fi sọnù nígbà tí rédà wà? Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka rédà dáadáa. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́? Ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ kò rí i dájú pé ó mọ̀ ọ́n. Ta ló fún un ní láísẹ́ǹsì? Coast Guard ni, òfin tí wọ́n sì ń lò fún láísẹ́ǹsì nígbà náà rọ̀ jù. Ìròyìn náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò, ó dárúkọ Coast Guard mọ́ ohun tó fa jàǹbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìjọba làwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìbàjẹ́ kò lè gbé ìròyìn Coast Guard tàbí ìdájọ́ NTSB lọ sí kóòtù bí ẹ̀rí. Òfin ló kọ̀ ọ́, kí àwọn olùwádìí má baà di ẹlẹ́rìí fún ẹgbẹ́ kan. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣẹ̀ ti bọ́. Coast Guard lè gbé láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ síwájú adájọ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba náà sì lè pè é lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ ní Philadelphia gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan.

Àbá ni NTSB ń dá, kò lè pàṣẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń falẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ rédà di dandan fún àwọn atukọ̀ tọ́ọ̀gì láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Mauvilla. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gan-an, ìjọba kì í yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ èrò wò. Ọdún 2004 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà náà, tí wọ́n ń pè ní Subchapter M, kò jáde títí di ọdún 2016. Ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀, wọ́n sì fún wọn láyè títí di oṣù Keje ọdún 2022 kí gbogbo wọn tó gba ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò. Láti òru tí Mauvilla ṣìnà títí di ọjọ́ yẹn, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọdún 29.